Àgbà ní Àárín, Ọmọdé ní Etí Pápá

Bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa tí a jọ máa ń wò ó ní Sátidé, tí ẹnìkan bá sọ pé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́gbẹ́ ló yẹ kí kóòṣì máa fi síwájú, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn á fi dárúkọ Tua Tagovailoa, ọmọ tuntun tí kóòṣì Alabama fi rọ́pò àgbà láàárín ìdíje àṣekágbá. Orúkọ yẹn ló máa ń pa wá lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, ó parí, ọmọ tuntun ti borí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà látìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, bí mo sì ṣe ń rò ó ni mò ń rí i pé alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ń ti ohun tí mo gbà gbọ́ lẹ́yìn.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé ni mò ń wí o. Eléyìí tí wọ́n ń dé akoto fún ni, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Ọ̀pọ̀ wa tí a dé Amẹ́ríkà ni kì í yé ní ọdún àkọ́kọ́, àmọ́ bí ọmọ ẹni bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, tipátipá ló máa fi yé èèyàn.

Ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, ọdún 2018 ni, ní Atlanta. Alabama àti Georgia ń du ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sinmi ní ìdajì ìdíje, Georgia ti ní 13, Alabama ò ní nǹkan kan. Jalen Hurts ni quarterback Alabama, ìyẹn ẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, tó máa pinnu bóyá kó jù ú, kó gbé e sá, tàbí kó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n tíì na Alabama látìgbà tí wọ́n ti fi í sípò. Nick Saban, kóòṣì wọn, ní kó lọ jókòó. Ó ní kí Tua, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, bọ́ sí pápá. Kí àsìkò tó pé, wọ́n ti dọ́gba, 20 sí 20. Wọ́n bọ́ sí àfikún àsìkò, Georgia kọ́kọ́ gba 3, ó wá kan Alabama.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbésẹ̀ méjì tó parí ọ̀rọ̀ náà fínnífínní. Nínú àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Tua, kò rí ẹni tó máa jù ú sí. Ẹni tó ti gbọ́n nínú iṣẹ́ yẹn á sọ bọ́ọ̀lù nù síta, á gba kámú. Tua ò sọ ọ́ nù. Ńṣe ló ń sá sẹ́yìn, tó ń sá sẹ́yìn, títí wọ́n fi ká a mọ́, wọ́n dà á wólẹ̀. Yáàdì 16 ló ṣòfò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìkejì, ó gba bọ́ọ̀lù, ó kọ́kọ́ gbójú sí ibòmíràn kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn Georgia lè rò pé ibẹ̀ ló ń lọ, lẹ́yìn náà ló yíjú sí apá òsì, ló bá jù ú fún DeVonta Smith, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Yáàdì 41. Ìdíje parí, 26 sí 23. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ tuntun máa ń rántí ìgbésẹ̀ kejì. Àwọn bíi tèmi kì í gbàgbé àkọ́kọ́. Ọmọ kan náà ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò gbè mí lẹ́yìn pẹ̀lú. Hurts tí à ń pè ní àgbà nínú ìtàn yìí, ọmọ ọdún 19 ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun náà ti jẹ́ ọmọ tuntun rí: ní ọdún 2016, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó bá níbẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé Saban máa ń fojú fo ọmọdé. Ohun tó ṣe Saban lóore lọ́dún náà lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé ń pariwo. Lẹ́yìn tí Tua gba ipò, Hurts ò bínú lọ. Ó dúró. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 2018, ní pápá kan náà ní Atlanta, pẹ̀lú Georgia kan náà, Tua farapa nígbà tí Georgia ń fi 28 sí 21 ṣíwájú. Hurts dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ju bọ́ọ̀lù kan tó mú wọn dọ́gba, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé èkejì wọlé. 35 sí 28. Kò sí ariwo àṣejù lójú rẹ̀. Ó gba oyè yunifásítì rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an, ó kó lọ sí Oklahoma, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2025, ó gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹ, fún Philadelphia, wọ́n sì ní òun ló ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà.

Ẹ wá fi ti Clemson wé e, sáà kan náà, ọdún 2018. Kelly Bryant ni quarterback wọn. Ọdún kẹrin rẹ̀ ni, òun ló sì darí wọn lọ́dún tó ṣáájú dé ibi tí ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ti ń du ife-ẹ̀yẹ. Trevor Lawrence wọlé, ọmọ tuntun tí gbogbo Amẹ́ríkà ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ látìgbà tó wà ní girama. Lẹ́yìn ìdíje mẹ́rin, Dabo Swinney, kóòṣì Clemson, fi Lawrence sípò. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bryant kó ẹrù rẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Syracuse wá bá wọn nílé, Lawrence farapa kí wọ́n tó lọ sinmi, kò sì sí àgbà kankan lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Chase Brice ni wọ́n rí, ọmọ tí òun náà ò tíì gbá kọjá ìwọ̀nba díẹ̀. Clemson ń fi 10 sẹ́yìn nígbà kan. Brice tiraka, wọ́n fi 27 sí 23 borí nígbà tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ nígbẹ̀yìn, wọn ò pàdánù ìdíje kankan, wọ́n na Alabama 44 sí 16. Nítorí ìyẹn ni àwọn èèyàn ṣe gbàgbé ọjọ́ Syracuse. Èmi ò gbàgbé. Ìdíje kan yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kì í sì ṣe pé Lawrence ò dára ló fà á.

Èrò tèmi nìyí: kóòṣì ní láti máa fi ìrírí síwájú, pàápàá jù lọ ní àárín pápá, níbi tí ojú àti etí ti ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Tí ọmọ tuntun bá wá dára débi pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi í pamọ́, kí kóòṣì ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé òun ṣì máa nílò ẹni tí òun ń dá jókòó.

Èwo ni àárín pápá? Àwọn márùn-ún tó ń di ògiri síwájú quarterback ni mò ń sọ, pàápàá ẹni tó wà láàárín àwọn márààrún, tí wọ́n ń pè ní center. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ yìí, Olusegun Oluwatimi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ó gbá bọ́ọ̀lù girama ní DeMatha, ní Prince George's County níhìn-ín ní Maryland, àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí bí ẹni wà ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ọmọ tí àwọn ilé-ìwé ńlá ń jà lé lórí. Ó kọ́kọ́ lọ sí Air Force, ilé-ìwé gíga àwọn ọmọ ogun òfurufú, ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Virginia láìsí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba ipò, ó di center wọn fún sáà mẹ́ta. Ní ọdún 2022, tó ti di àgbà pátápátá nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì, ó kó lọ sí Michigan. Lọ́dún yẹn ló gba ẹ̀bùn Rimington, èyí tí wọ́n ń fún center tó dára jù, ó sì gba Outland mọ́ ọn, tí wọ́n ń fún ẹni tó dára jù nínú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ inú ibẹ̀ yẹn.

Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ó tẹ̀ ba, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀lù. Kó tó tẹ̀ ba, ó ti wo àwọn ọ̀tá láti òsì dé ọ̀tún, ó ti fi ìka tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti pariwo nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó tọ́ka sí yẹn ni àwọn mẹ́rin tó kù máa fi mọ ẹni tí kálukú wọn máa dì mú. Tó bá tọ́ka sí ẹni tí kì í ṣe òun, ẹnìkan máa gba àárín wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, quarterback á sì wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀tá náà mọ̀, nítorí náà wọ́n á máa ṣe bí ẹni ń bọ̀, wọ́n á tún sún sẹ́yìn, láti tàn án. Tí ó bá wá jẹ́ ilé onílé, ariwo á ti pa gbogbo ohùn. Oluwatimi wà ní Columbus, nílé Ohio State, lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, níbi tí èèyàn tó lé ní 100,000 ti ń pariwo mọ́ Michigan. Níbi bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í fi ẹnu pe bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ center ló máa bojú wẹ̀yìn wo quarterback, á fọwọ́ kan center lára, center á gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan, á kà á nínú, á ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn náà ni á gba ẹni tó wúwo ju kìlógíráàmù 130 lọ mọ́ àyà. Kò sí ẹ̀bùn àbínibí tó lè kọ́ ọmọ ọdún 18 ní gbogbo èyí kó tó dé. Rírí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún ló ń kọ́ èèyàn. Michigan na Ohio State 45 sí 23 lọ́jọ́ náà.

Ta wá ni Oluwatimi ń ti bọ́ọ̀lù sí? J.J. McCarthy, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, tó gba ipò lọ́wọ́ Cade McNamara, ẹni tó ti fi ife-ẹ̀yẹ Big Ten, líìgì tí Michigan wà, lé wọn lọ́wọ́ lọ́dún tó ṣáájú. Jim Harbaugh, kóòṣì Michigan nígbà náà, ò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí ọ́fíìsì. Ó fi McNamara ṣáájú nínú ìdíje àkọ́kọ́, ó fi McCarthy ṣáájú nínú ìkejì, gbogbo ayé rí i, kó tó mú ọ̀kan. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àgbà ló wà níwájú ọmọ yẹn. Nígbà tí sáà náà máa parí, TCU, yunifásítì kan ní Texas, ṣì jí bọ́ọ̀lù McCarthy gbà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbé méjèèjì wọlé, Michigan pàdánù 51 sí 45. Ọdún kan sí i ló gbà kó tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ìrírí rẹ̀ ti wá pé nígbà náà.

Ohun kan wà tí mo ti ń ṣọ́ tipẹ́tipẹ́, tí mi ò tíì rí ẹni tó bá mi jiyàn rẹ̀ borí. Nínú ìdíje àṣekágbá ọdún 2018 tí mo sọ, DeVonta Smith, ọmọ tuntun, ló mú bọ́ọ̀lù tó parí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, nígbà tí Georgia na Alabama 33 sí 18, ọmọ tuntun kan, Adonai Mitchell, ló mú bọ́ọ̀lù yáàdì 40 tó gba iwájú padà fún wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Ohio State àti Notre Dame, Jeremiah Smith, ọmọ tuntun, ló mú ti yáàdì 56 nígbà tí Notre Dame ti ń lé wọn bọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí pápá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Eré sísá ni wọ́n bá wá láti ilé, ọwọ́ tó ń gbá nǹkan mú ni wọ́n bá wá, kò sì sẹ́ni tó máa kọ́ wọn ní ìyẹn fún ọdún mẹ́rin. Ta ló sì jù ú sí wọn? Yàtọ̀ sí Tua, àwọn àgbà ni. Stetson Bennett ló jù ú sí Mitchell. Ó wọ Georgia ní ọdún 2017 láìsí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó lọ sí ilé-ìwé kékeré kan ní Mississippi, ó padà wá. Nígbà tí Alabama nà wọ́n 41 sí 24 lóṣù Kejìlá ọdún 2021, igbe tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kí Kirby Smart, kóòṣì Georgia, yọ ọ́, kó fi JT Daniels sí i, tí orúkọ rẹ̀ tóbi ju tirẹ̀ lọ láti girama. Smart ò yọ ọ́. Bennett gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún náà, ó tún gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti pé ẹni ọdún 25 nígbà náà.

Ohio State yẹn náà, ẹ wò ó. Àwọn ọmọ ọdún kẹrin wọn lè ti lọ gba owó ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá a ṣiṣẹ́ jẹ, ọ̀pọ̀ wọn kọ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì na Michigan rí. Michigan tún nà wọ́n, 13 sí 10, nílé ara wọn. Ìtìjú yẹn ni wọ́n gbé wọ ìdíje ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Texas, Texas sún mọ́ ibi ìwọlé gan-an, wọ́n fẹ́ dọ́gba. Jack Sawyer gbá bọ́ọ̀lù jáde lọ́wọ́ Quinn Ewers, ó gbé e, ó sì sá yáàdì 83 lọ wọlé. Òun àti Ewers tó gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jọ gbé yàrá kan náà rí nígbà tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ tuntun ní Ohio State. Ọ̀kan lọ, ọ̀kan dúró.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dárúkọ Alex Leatherwood fún mi: ọmọ tuntun tó wọ inú ògiri Alabama lálẹ́ ọjọ́ Tua nígbà tí àgbà ibẹ̀ farapa, tó sì di ibẹ̀ mú. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìfarapa ló gbé e débẹ̀, kóòṣì rẹ̀ ò pète bẹ́ẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 1972, òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kò tiẹ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà. Ọdún tí wọ́n ṣí i náà ni Archie Griffin, ọmọ tuntun ní Ohio State, gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 239 nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú North Carolina. Mi ò fẹ́ kí òfin yẹn padà. Ẹsẹ̀ bíi ti Griffin ò yẹ kó jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa lọ́dún tó kọjá. Àwọn kóòṣì ń wá sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nítorí ọmọ rẹ̀, tó wà nínú àwọn tó ń di ògiri ní girama. Ọ̀kan wá, ó gbé fóònù yọ, ó fi àwòrán ọmọ náà hàn wá nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, orúkọ bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Ó ní láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fi í sípò. Òmíràn wá, ó jẹ mọ́ínmọ́ín tán, ó nu ọwọ́, ó ní ọdún àkọ́kọ́ kò ní wọ pápá rárá. Ó ní ó máa jẹun, ó máa gbé irin, ó máa kọ́ gbogbo ìgbésẹ̀ àwọn, òfin ò sì ní ka ọdún yẹn mọ́ ọdún mẹ́rin tó ní láti gbá bọ́ọ̀lù. Redshirt ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe jáde, ọmọ náà yíjú sí mi. “Ọ́ńkù, ṣé kí n lọ jókòó fún odindi ọdún kan ni?”

Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí n dáhùn. “Jókòó kẹ̀? Ṣé ìwé ò ní máa lọ ni?” Ó wá yíjú sí mi: “Àbúrò, eléyìí ò tàn wá jẹ.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ.”

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà yé mi. Ìdúró ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Látìgbà tí transfer portal, àkójọ orúkọ àwọn tó fẹ́ yí yunifásítì padà, ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ẹni tó bá fẹ́ lọ kàn máa fi orúkọ sílẹ̀ ni. Láti ọdún 2021, kò pọn dandan kó jókòó fún ọdún kan níbi tó bá lọ mọ́, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì gbà kí àwọn ọmọ máa fi orúkọ ara wọn pa owó. Ọmọ tó bá ń dúró báyìí ń wo ojúgbà rẹ̀ tó ti ń gba owó níbòmíràn. Kóòṣì náà sì ti rí ọ̀nà àbùjá: dípò kó kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, ó lè lọ fi owó mú ẹni ọdún 22 wá láti ẹgbẹ́ mìíràn. Ìrírí ni wọ́n pe ìyẹn, ìrírí náà sì ni, Oluwatimi fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yẹn dé Michigan. Ohun tó ń dùn mí ni ọmọ tó ti dúró sẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta, tó ti di àgbà nínú ẹgbẹ́ yẹn láìgbá bọ́ọ̀lù púpọ̀, tó wá jí lọ́jọ́ kan tó rí àlejò lórí àga rẹ̀. Kóòṣì tó bá ń ṣe èyí kò fi ìrírí síwájú. Ó ń jẹ gbèsè ìlérí ni. Ẹni tó dúró ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò, ní ojú gbogbo èèyàn, bí Harbaugh ṣe dán àwọn méjì yẹn wò. Tí kò bá wá lè ṣe é, kí wọ́n sọ fún un ní ojúkorojú, kí ọ̀nà ìwé rẹ̀ má sì dí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì mú ibì kan. Ìbéèrè tí mo ní kí ìyá rẹ̀ bi kóòṣì méjèèjì ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun nìyí: àwọn ọmọ tí ẹ mú wá sí ipò yìí kan náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mélòó ló ṣì wà lọ́dọ̀ yín, mélòó ló ti gba oyè, àwọn tó lọ ńkọ́, kí ni ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ?